Orúkọ Ilé Bàbá àti Orúkọ Ilé Ọkọ Nínú Ìwé Ẹ̀rí Ọlọ́pàá fún Físà Ìtẹ̀dó: Àgbéyẹ̀wò láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi hàn pé orúkọ kì í ṣe ohun tí a kàn fi ń pe ènìyàn lásán. Ó ń sọ ilé tí ènìyàn ti wá, ipò tí àwọn òbí rẹ̀ wà nígbà tí wọ́n bí i, ẹ̀sìn tí wọ́n ń sìn àti ohun tí wọ́n ń retí lára ọmọ náà. Nítorí ìdí èyí, kò ṣàjèjì láàárín àwọn Yorùbá kí ẹnì kan ṣoṣo ní orúkọ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú agboolé, ọ̀pọ̀ orúkọ báyìí kì í dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹni tí ń pe orúkọ náà ni ó mọ ẹni tí ń jẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ máa ń yí padà nígbà tí orúkọ bá kúrò lẹ́nu tí ó sì di ohun tí a kọ sínú ìwé. Akọ̀wé tí ó jókòó sí Èkó, Àbújá tàbí ilẹ̀ òkèèrè kò mọ agboolé ẹnikẹ́ni; ohun tí ó rí nínú ìwé nìkan ni ó mọ̀. Bí ìwé kan bá pe obìnrin ní orúkọ bàbá rẹ̀, tí òmíràn sì pè é ní orúkọ ọkọ rẹ̀, ènìyàn méjì ni akọ̀wé náà rí, àfi bí ìwé kẹta bá wà tí ó so méjèèjì pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń le gan-an ni ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, èyí tí àwọn ará ìlú mọ̀ sí pólíìsì ripọ́ọ̀tì, tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ gba físà ìtẹ̀dó. Físà ìtẹ̀dó ni èyí tí a fi ń lọ gbé ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó yàtọ̀ sí físà tí a fi ń lọ ṣe ìbẹ̀wò tí a ó sì padà wálé.

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìdí tí orúkọ ilé bàbá àti orúkọ ilé ọkọ fi gbọ́dọ̀ jọ wà nínú ìwé ẹ̀rí náà. Ìkàrẹ́, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìlà-Oòrùn Àkókó, àti Ọ̀kà, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ni a mú àpèjúwe láti inú wọn. Ìlú méjèèjì súnmọ́ ara wọn, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ń gbé pọ̀ nínú wọn, ó sì rọrùn kí ọmọbìnrin ọ̀kan di ìyàwó nínú èkejì. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ènìyàn ni ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe orúkọ. Nítorí náà, gbogbo orúkọ tí ènìyàn náà ti jẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ hàn nínú rẹ̀.

Orúkọ Obìnrin Nínú Àṣà Yorùbá

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó pín orúkọ Yorùbá sí ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì: orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ àti oríkì. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé e fi àlàjẹ́ àti orúkọ àbíkú kún un. Bí a bá yẹ gbogbo ọ̀wọ́ yìí wò, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìgbéyàwó ń yí padà. Táíwò kò yéé jẹ́ Táíwò nítorí pé ó lọ sí ilé ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni oríkì Àṣàkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́ kò kúrò lára ẹni tí a fi kẹ́.

Òótọ́ ni pé ìgbéyàwó a máa mú ìpè tuntun wá. Ìyàwó ni àwọn ará ilé ọkọ yóò kọ́kọ́ máa pe obìnrin náà. Nígbà tí ó bá bímọ, yóò di ìyá Lágbájá. Òun pàápàá kò gbọdọ̀ pe àwọn ọmọ tí ó bá nílé ọkọ ní orúkọ wọn gan-an. Yóò fún wọn ní orúkọ bí Akọ̀wé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Adúmáadán tàbí Eyínfúnjowó. Ṣùgbọ́n ìpè ọ̀wọ̀ ni gbogbo èyí. Kò sọ obìnrin náà di ọmọ ilé ọkọ. Ọmọ ilé bàbá rẹ̀ ni ó ṣì jẹ́. Oríkì orílẹ̀ bàbá rẹ̀ ni a ó máa kì í títí di ọjọ́ alẹ́, ibẹ̀ ni ó sì ti lè jogún gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Bí ó bá padà sílé, ọmọ-osú ni a ń pè é, kì í ṣe àlejò.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà fara mọ́ èyí, nítorí pé kò pa á láṣẹ fún obìnrin láti fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọkọ. Síbẹ̀, nínú ìwé ilé-iṣẹ́ àti ti ìjọba, ọ̀pọ̀ obìnrin Mùsùlùmí ní ilẹ̀ Yorùbá ń lo orúkọ ọkọ wọn gẹ́gẹ́ bí àwọn Onígbàgbọ́ ti ń ṣe.

Bí Orúkọ Ilé Ọkọ Ṣe Wọ Inú Ìwé

Lílo orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo ìdílé, tí ìyàwó náà yóò máa jẹ́, jẹ́ àṣà tí ó bá ìjọ Kírísítẹ́nì, ilé-ìwé àti ìjọba àmúnisìn wọlé. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ti pẹ́. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn tí a gbà sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn olówò ẹrú ní ọdún 1822, di Samuel Crowther nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825. Asano, ọmọbìnrin kan tí a gbà sílẹ̀ bíi tirẹ̀, di Susan Thompson nígbà ìrìbọmi tirẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1829, ó di Susan Crowther. Obìnrin kan, orúkọ mẹ́ta, láì tíì pé ọdún mẹ́wàá.

Ní ọdún 1884 ni ìjọba àmúnisìn ṣe Òfin Ìgbéyàwó ní Èkó, èyí tí ó fìdí ìgbéyàwó ọlọ́kọ kan, aláya kan múlẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé kò sí òfin Nàìjíríà tí ó sọ ọ́ di dandan fún obìnrin láti yí orúkọ rẹ̀ padà nígbà tí ó bá lọ́kọ. Àṣà ni, kì í ṣe òfin. Obìnrin lè di orúkọ bàbá rẹ̀ mú; ó lè gba ti ọkọ rẹ̀; ó sì lè so méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá yí i padà ni ó máa ń búra nílé-ẹjọ́, tí ó sì ń kéde nínú ìwé ìròyìn pé orúkọ tí òun ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di báyìí báyìí, àti pé gbogbo ìwé tí òun fi orúkọ àtijọ́ gbà ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìgbésí ayé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì fi ìṣòro tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí a bí i ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1900. Nígbà tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ní ọdún 1922, ó ti pa Frances àti Abigail tì. Ní ọdún 1925, ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ó sì gba orúkọ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ó fi Aníkúlápó rọ́pò Ransome gẹ́gẹ́ bí Fẹlá ọmọ rẹ̀ ti ṣe. Ẹni tí ó bá ń wá àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ lábẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn orúkọ yìí, apá kan péré nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ni yóò rí. Ohun tí ó ń ba òṣìṣẹ́ físà lẹ́rù nípa obìnrin tí kò lókìkí náà nìyí: pé kí apá kan wà tí a kò wò.

Ohun Tí Òfin Físà Béèrè

Òfin Amẹ́ríkà lórí ìwọlé àjèjì, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1952, sọ ohun méjì tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí ní abala 222. Èkínní ni pé ẹni tí ó ń béèrè físà ìtẹ̀dó gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, kí ó sì sọ orúkọ mìíràn tí ó ti lò rí tàbí tí a ti fi mọ̀ ọ́n rí. Èkejì ni pé ó gbọ́dọ̀ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tí yóò sọ ohun tí àkọsílẹ̀ wọn fi hàn nípa rẹ̀. Bí a bá so gbólóhùn méjèèjì pọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ yé: orúkọ tí ènìyàn kà sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù ni ó yẹ kí ọlọ́pàá fi wo àkọsílẹ̀. Fọ́ọ̀mù DS-260 tí a ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì béèrè ìbéèrè yìí gan-an, ó sì dárúkọ orúkọ tí obìnrin ń jẹ́ kí ó tó lọ́kọ, orúkọ ẹ̀sìn, orúkọ iṣẹ́ àti àlàjẹ́.

Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 16 ni a ń béèrè ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá lọ́wọ́ rẹ̀ fún físà yìí. Kókó ọ̀rọ̀ wà nínú ọjọ́ orí náà. Láti ọdún 16 títí di ìgbà tí obìnrin lọ sílé ọkọ, orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó ń jẹ́. Bí ó bá lọ́kọ ní ọmọ ọdún 27, ọdún 11 gbáko ni òfin ń béèrè nípa rẹ̀ tí orúkọ ọkọ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Amẹ́ríkà nìkan kọ́ ni ó ń béèrè irú ìwé yìí. Kánádà ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18, láti orílẹ̀-èdè tí ó bá ti gbé fún oṣù mẹ́fà léraléra nínú ọdún mẹ́wàá tí ó kọjá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2017 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí àìlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ìlera àti iṣẹ́ ìtọ́jú. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ gan-an.

Ìlẹ̀kùn ìwọlé a máa ṣí, a sì máa tì. Lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ta ní àwọn ọdún 2000 kò sí fún Nàìjíríà mọ́ láti orí ìpele DV-2015, nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó ti wọlé nípasẹ̀ ọ̀nà mìíràn láàárín ọdún márùn-ún ti ju 50,000 lọ. Ìkéde tí Ààrẹ Amẹ́ríkà ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2025 tún fi ìdíwọ́ lé físà ìtẹ̀dó fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń gbèrò wo bí òfin ṣe rí ní ọjọ́ tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlẹ̀kùn ṣe wù kí ó rí, orúkọ tí kò bára mu ní Ọ̀kà lónìí kò ní í bára mu fúnra rẹ̀ nígbà tí ìlẹ̀kùn bá ṣí.

Ìdí Tí Ìtẹ̀ka Nìkan Kò Fi Tó

Ẹnìkan lè béèrè pé, níwọ̀n ìgbà tí ọlọ́pàá ń gba ìtẹ̀ka gbogbo ọmọ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí ni a tún ń wá orúkọ sí? Ìbéèrè náà tọ́. Ìka kì í lọ́kọ, ìlà ọwọ́ kì í sì í yí padà láti kékeré di àgbà. Ìdí nìyí tí ìjọba ilẹ̀ Íńdíà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi tẹ́wọ́ gba ètò ìtẹ̀ka Edward Henry ní ọdún 1897, tí àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ọdún 1901.

Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka lè bá kìkì ìtẹ̀ka tí ó ti wà nílẹ̀ pàdé ni. Ìwé tí a kọ ẹjọ́ sí ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìwé ìdájọ́ kọ́ọ̀tù, àti orúkọ tí orílẹ̀-èdè mìíràn kọ sílẹ̀ nípa àlejò, orúkọ ni a fi tò wọ́n. Ẹni tí kò bá ní orúkọ náà lọ́wọ́ kò lè ṣí ojú ewé náà. Bákan náà, òṣìṣẹ́ físà kò rí ìka obìnrin náà nínú ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé rẹ̀. Orúkọ ni ó rí níbẹ̀. Orúkọ ni okùn tí ó so ìwé kan mọ́ èkejì.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀ka Ọlọ́pàá tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọ̀daràn, tí ibùjókòó rẹ̀ ní Èkó wà ní Alágbọn, Ìkòyí, ni a mọ̀ mọ́ ìwé ẹ̀rí yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Àgọ́ ọlọ́pàá tí ó wà ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà kọ́ ni ó ń fúnni. Lóde òní, orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojúlé tí à ń pè ní POSSAP, ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ètò náà, kí olùbéèrè tó lọ tẹ̀ka. Nítorí pé olùbéèrè fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ orúkọ sínú fọ́ọ̀mù náà, ọwọ́ rẹ̀ ni àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àpèjúwe: Láti Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́

A lè fi àpèjúwe kan mú ọ̀rọ̀ yìí yé. Kí a sọ pé obìnrin kan wà tí a bí ní Ìwárọ̀ Ọ̀kà. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ó fi ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama. Orúkọ yẹn ni ó wà lórí ìwé ẹ̀rí WAEC àti ti NCE rẹ̀, ìgbéyàwó kò sì yí i padà lórí wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó fẹ́ ọkọ kan láti Ìkàrẹ́. Ó búra nílé-ẹjọ́, ó kéde nínú ìwé ìròyìn, ó sì gba pásípọ́ọ̀tì ní orúkọ ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà, ó sì ti kọ fọ́ọ̀mù I-130 láti béèrè pé kí ìyàwó òun wá bá òun.

Obìnrin náà gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá. Orúkọ tí ó wà nínú pásípọ́ọ̀tì nìkan ni ó kọ sílẹ̀, nítorí pé lójú tirẹ̀, orúkọ àtijọ́ ti lọ. Nígbà tí ó dé iwájú òṣìṣẹ́ kọ́ńsúlù, ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń pè é ní ọmọ Ọ̀kà, ìwé ọlọ́pàá ń pè é ní ìyàwó ará Ìkàrẹ́. Kò sí irọ́ nínú ìkankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ìwé ọlọ́pàá náà kò mọ̀ ju ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó lọ. Lójú òṣìṣẹ́ náà, ó dà bí ẹni pé ọjọ́ ìgbéyàwó ni a bí obìnrin náà.

Ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀lé irú èyí ni pé a ó dá físà náà dúró lábẹ́ abala 221(g), a ó sì ní kí obìnrin náà lọ gba ìwé tí ó pé wá. Ọdún kan ni òfin fún un láti mú un wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ètò náà lè parí síbẹ̀. Láàárín àkókò náà, àyẹ̀wò ìlera tí ó ti ṣe lè gbó, kí ó tún un ṣe. Yóò tún rin ìrìn-àjò láti Àkókó gba Ọ̀wọ̀ kọjá lọ sí Èkó. Ọmọ tí ó ń retí bàbá rẹ̀ yóò tún máa retí sí i. Ohun tí ó fa gbogbo èyí kò ju ìlà kan nínú fọ́ọ̀mù tí a fi sílẹ̀ lófìfo lọ.

Ó yẹ kí a ya ìgbàgbé sọ́tọ̀ kúrò lára ìfipamọ́. Ẹni tí ó gbàgbé lè mú àtúnṣe wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi orúkọ pamọ́ nítorí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, irọ́ ni òfin yóò kà á sí, ó sì lè dí ọ̀nà mọ́ ọn títí láé, àfi bí ó bá rí àyè ìdáríjì nínú òfin náà.

Ọ̀rọ̀ lórí Àkọtọ́ àti Àmì

Ìṣòro mìíràn tí ó farapẹ́ èyí ni ti àkọtọ́. Orúkọ kan náà lè ní ojú mẹ́ta nínú ìwé. Ṣadé lè di Sade nínú ìwé ìbí, kí ó di Shade nínú ìwé ilé-ìwé. Fólúkẹ́ àti Fólúkẹ́mi lè jẹ́ ẹnì kan. Rasidat, Rashidat àti Rasheedat ń jáde láti ẹnu kan ṣoṣo. Àkọtọ́ Yorùbá tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ti fi ìdí àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn múlẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà tí ẹ̀rọ ń kà nínú pásípọ́ọ̀tì, lábẹ́ òfin tí ó kan gbogbo àgbáyé, kò gba ju lẹ́tà A sí Z lọ. Kò sí àyè fún ṣ, ẹ tàbí ọ níbẹ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a pa àmì tì nínú ìwé Yorùbá. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kí olúkúlùkù yan ọ̀nà kan ṣoṣo tí yóò máa gbà kọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba, kí ó má sì yà kúrò nínú rẹ̀. Bí oríṣi méjì bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó ka méjèèjì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí ó ti lò.

Ohun Tí Ó Yẹ ní Ṣíṣe

Láti inú àlàyé òkè yìí, a lè to ìmọ̀ràn wọ̀nyí sílẹ̀ fún obìnrin tí ó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá:

(i) Kí ó kọ́kọ́ kó gbogbo ìwé rẹ̀ jọ, kí ó sì kọ gbogbo orúkọ tí ó wà lórí wọn sójú kan, láti orí ìwé ìbí títí dé orí pásípọ́ọ̀tì.

(ii) Kí ó kọ orúkọ ilé bàbá àti orúkọ ilé ọkọ sínú fọ́ọ̀mù ọlọ́pàá àti fọ́ọ̀mù físà bákan náà. Orúkọ tí ó wà nínú ọ̀kan kò gbọdọ̀ sọnù nínú èkejì.

(iii) Ẹni tí ó ti lọ́kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ gbọ́dọ̀ ka orúkọ ọkọ àkọ́kọ́ náà sí i, bí ó bá jẹ́ ẹ rí, ì báà jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ikú ni ó yà wọ́n.

(iv) Kí ó ní ìwé tí ó so àwọn orúkọ náà pọ̀ lọ́wọ́: ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ àti ojú ewé ìwé ìròyìn tí ó ti kéde. Ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tàbí yìgì gbọ́dọ̀ rí i pé ẹ̀rí rẹ̀ wà ní kíkọ, nítorí pé ojú gbogbo ará àdúgbò tí ó ṣe é kò lè bá a dé Èkó.

(v) Kí ó yẹ ìwé ẹ̀rí náà wò kí ó tó kúrò níwájú ẹni tí ó fún un. Àṣìṣe tí a rí lórí ìjókòó rọrùn láti tún ṣe ju èyí tí a rí lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ.

Ní ti ìpè bí ìyá Bísí tàbí ìyàwó kékeré, kò pọn dandan kí a kọ wọ́n, nítorí pé ìpè ilé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí àlàjẹ́ bá ti wọ inú ìwé báǹkì, ìwé ilé-iṣẹ́ tàbí ti kọ́ọ̀tù, ó ti di orúkọ tí a fi mọ ènìyàn. Ọkùnrin náà kò yọ sílẹ̀ nínú èyí. Ẹni tí ó jẹ́ Lásísì nílé kéú tí ó sì wá di Joseph nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní orúkọ méjì láti kà.

Iṣẹ́ Olùkọ́ Nínú Ọ̀rọ̀ Yìí

Rẹ́jísítà kíláàsì wà lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí a ń kọ orúkọ ọ̀pọ̀ ọmọ sí. Nígbà mìíràn, orúkọ bàbá tí ó bí ọmọ ni olùkọ́ kọ fún un. Nígbà mìíràn, orúkọ bàbá-bàbá ni. Ọmọ ìyá méjì a sì máa jáde nílé-ìwé kan náà pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí kò bára mu. Ẹni tí ó bá jìn sí irú kòtò yìí ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ó lè di ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó mọ̀ pé òun wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ béèrè ìwé ìbí kí ó tó kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àṣà ìsọmọlórúkọ àti àṣà ìgbéyàwó, ó yẹ kí ẹ̀kọ́ náà kọjá ìpín orúkọ sí ọ̀wọ́. Kí a jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo orúkọ tí ìyá wọn ti jẹ́, kí wọ́n sì béèrè ẹni tí ó fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ. Irú iṣẹ́ ṣíṣe bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ wọn ní àṣà, yóò sì kọ́ wọn ní bí a ṣe ń tọ́jú ìwé.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àṣà Yorùbá kò fìgbà kankan sọ pé orúkọ ilé bàbá ń kú lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìwé tuntun ni ó mú kí ó dà bí ẹni pé ó ń kú. Ó yani lẹ́nu pé òfin físà ilẹ̀ òkèèrè, tí kò mọ oríkì, tí kò sì mọ ọmọ-osú, ni ó tún padà wá ń béèrè ohun tí àwọn ará ilé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: ọmọ ta ni ọ́ kí o tó di ìyàwó ẹni tí o jẹ́?

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Obìnrin tí a bí ní Ọ̀kà tí ó sì di ìyàwó ní Ìkàrẹ́ kò ní láti yan ọ̀kan nínú ilé méjèèjì nígbà tí ó bá mú kálàmù. Kí ó kọ orúkọ ilé bàbá, kí ó kọ orúkọ ilé ọkọ, kí ìwé ẹ̀rí náà lè jẹ́rìí sí i látòkèdélẹ̀.